“Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́”: ta ni ó ni irọ́ tí gbogbo wa ń pín kiri?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí ó ti ń ṣe mí bíi kí n yọ ara mi kúrò nínú gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà, kí n sì pa ojúewé Facebook mi dé pẹ̀lú. Kì í ṣe pé mo kórìíra ayélujára. Èmi gan-an ni mo kó àwọn tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni jọ sójú kan lórí WhatsApp, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ bí a ti ń tẹ fóònù náà, inú mi sì dùn dé ẹ̀yìn nígbà tí a rí àwọn tí a ti rò pé wọ́n ti kú. Ohun tí ó sú mi ni bí àwọn tí mo mọ̀ sí olóye ènìyàn ṣe ń gba ohunkóhun tí ó bá ti wọlé sórí fóònù wọn gbọ́ láìbi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa fi fọ́nrán kan ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ kùtù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjà kan báyìí níhìn-ín ní Ìbàdàn ni iná ti ń jó láti òru, pé kí a gbàdúrà fún àwọn ọlọ́jà. Ká tó wí ká tó fọ̀, “Olúwa ṣàánú” àti “Ọlọ́run gbà wá o” ti kún gbogbo ojú gúrúùpù náà. Ọ̀kan nínú wa tí ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ nínú ọjà yẹn pe ìyàwó náà títí, fóònù kò wọlé, ni ó bá gbéra ńlẹ̀ láìfọ ẹnu, ó di ọ̀nà ọjà. Mo ṣí fọ́nrán náà wò. Àwọn panápaná inú rẹ̀ wọ ẹ̀wù òtútù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, òrùlé ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti ń jó sì funfun báláú fún yìnyín. Yìnyín, ní Ìbàdàn, nínú oṣù Kẹta tí gbogbo wa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara!

Nígbà tí mo pe àkíyèsí wọn sí i, gbólóhùn kan ni ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fi dá mi lóhùn: “Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́.” Kò bẹ ẹni tí ó ti sáré dé ọjà, kò sì pa fọ́nrán náà rẹ́. Èmi ni àwọn mìíràn wá dojú ọ̀rọ̀ kọ, wọ́n ní mo fẹ́ràn láti máa ṣe olùkọ́ fún àwọn ojúgbà mi, pé àdúrà ni ọkùnrin náà kúkú ní kí a gbà, kí ni ó wá burú nínú àdúrà? Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọdé o. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama wà nínú wọn, agbẹjọ́rò wà nínú wọn, àwọn tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: ǹjẹ́ ẹni tí ó fi irọ́ ránṣẹ́ lè sọ pé òun kọ́ ni òun pa á, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀? Bí a kò bá sì lè bá àwọn ẹgbẹ́ wa wí kí a má di ọ̀tá wọn, ṣé kí a kúkú kúrò láàárín wọn kọ́ ni ó tọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Èkó

Ẹ kú àròjinlẹ̀, Ọ̀gá Olùkọ́. Mo fara mọ́ ìbínú yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ kíkúrò tí ẹ fẹ́ kúrò, ohun tí ojú mi rí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni ó sì fà á.

Ẹ ó rántí pé ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia. Ìbẹ̀rù mú gbogbo ènìyàn, ó sì yẹ kí ó mú wa, nítorí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ wà lára àwọn tí àrùn náà kọ́kọ́ ràn. Inú ìbẹ̀rù yẹn ni a wà tí ọ̀rọ̀ kan fi jáde lóru ọjọ́ kan, pé kí oníkálukú po iyọ̀ mọ́ omi, kí ó fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀, Ebola kò ní lè sún mọ́ ọn. Orí fóònù ni ó gbà rin gbogbo ilẹ̀ yìí já kí àkùkọ tó kọ.

Ìyá ọkọ àbúrò mi pè mí láàjìn. Àgbàlagbà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́. Wọ́n ti gbé ike omi ka iwájú, iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ife kan tó tàbí kò tó. Mo ní, “Ìyá, ta ni ó sọ fún yín?” Wọ́n ní ọmọ àwọn tí ó wà ní Àbújá ni. Mo pe ọmọ náà, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni. Mo ní kí ó pe ọ̀rẹ́ náà kí èmi náà máa gbọ́. Ọ̀rẹ́ ní inú gúrúùpù ìjọ ni òun ti rí i, kò sì mọ ẹni tí ó gbé e síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ mú kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru gbé iyọ̀ mu láàárín òru kò ní bàbá, kò ní ìyá. Nígbà tí mo wá ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún wọn, ohun tí wọ́n sọ ni mo ti ń rò láti ọjọ́ náà: “Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kí ni mo pàdánù? Iyọ̀ lásán kọ́?”

Ó kéré tán, ènìyàn 2 ni omi iyọ̀ pa ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ ọ́ di mímọ̀ nínú oṣù yẹn kan náà. Ebola fúnra rẹ̀, ènìyàn 20 ni ó mú lọ́dọ̀ wa, ó pa 8, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tí kò gbà kí Sawyer jáde nílé ìwòsàn sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé bí àwọn kan ṣe ń fi ẹ̀mí wọn dí ọ̀nà mọ́ àrùn ni àwọn mìíràn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fi iyọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò le: ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ni ó ni ín. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ní ti kíkúrò, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá kúrò, ta ni yóò rí yìnyín lórí òrùlé?

Atún-fóònù-ṣe, Abẹ́òkúta

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà, ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ni gbogbo wa fẹ́ di ẹ̀bi rù. Ọdún 2001 ni GSM wọ ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 2004, WhatsApp kò tíì sí, Facebook ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò ní àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni, síbẹ̀ ariwo gba ìgboro pé àwọn nọ́ńbà kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbé ìpè wọn yóò ṣubú lulẹ̀, yóò sì kú. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nígbà náà. Àwọn oníbàárà ń da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé pélébé, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wa kí ẹni tí ń kọjá lè rí i, àwọn mìíràn sì pa fóònù tí wọ́n fi owó gọbọi rà, wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Ta ni ó dá wọn lóhùn?

Ọ̀gá Olùkọ́, bí ẹ bá kúrò lórí WhatsApp, ẹ ó bá wọn nínú ọkọ̀ èrò, ẹ ó bá wọn níbi ìnáwó. Ìwà wa ni.

Olùtọ́jú Ojúewé

Ẹ̀gbọ́n Atún-fóònù-ṣe, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ògiri ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yín kò mọ irú ìròyìn tí ó ń dẹ́rù ba ẹni tí ń kọjá, kò sì sí ẹni tí ó sanwó fún ẹni tí ó lẹ bébà mọ́ ọn. Iṣẹ́ mi ni láti máa bójú tó ojúewé àwọn oníṣòwò lórí Facebook, Instagram àti X (Twitter àtijọ́), nítorí náà ẹ̀yìn káńtà ni mo dúró sí níbi tí wọ́n ti ń ta ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kíkà. Mo lè kọ iye owó gèlè kan gàdàgbà sára àwòrán, kí n tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ìbéèrè tí yóò kún abẹ́ rẹ̀ ni “Èló ni?” Mo máa ń rò pé àwọn oníbàárà tèmi nìkan ni, àfi ìgbà tí mo rí ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Columbia àti ẹgbẹ́ wọn ní Faransé gbé jáde lọ́dún 2016, pé nínú àwọn ìjápọ̀ (link) ìròyìn tí wọ́n yẹ̀ wò lórí Twitter, ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnikẹ́ni kò ṣí rárá. Àkọlé ni wọ́n ń pín. Ohun tí ó wà nínú ìròyìn ń bẹ níbẹ̀ bí oúnjẹ tí a kò ṣí ìdérí rẹ̀.

Lọ́dún 2018 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n yẹ nǹkan bí ìròyìn 126,000 wò, èyí tí ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3 pín lórí Twitter láti 2006 sí 2017. Wọ́n rí i pé ó rọrùn fún irọ́ láti di pínpín ju òtítọ́ lọ ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ ń lò ni òtítọ́ ń lò kí ó tó dé etí ènìyàn 1,500. Wọ́n yọ iṣẹ́ ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ń pín ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kúrò nínú ìṣirò, èsì kò yí padà. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mu omi iyọ̀ kò ní sí nílé lọ́jọ́ tí yóò bá a.

Ibi tí ẹ̀rọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé ní ọdún 2017, Facebook bẹ̀rẹ̀ sí ka àmì ìbínú àti àwọn àmì ìmọ̀lára yòókù sí ìlọ́po márùn-ún àmì “mo fẹ́ràn rẹ̀” nígbà tí ó bá ń pinnu ohun tí yóò gbé síwájú wa. Inú àwọn ìwé ilé-iṣẹ́ náà tí Frances Haugen, òṣìṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, kó jáde lọ́dún 2021 ni a ti mọ èyí. Lẹ́yìn náà ni owó dé. X bẹ̀rẹ̀ sí pín owó ìpolówó fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń pe èrò ní oṣù Keje ọdún 2023, Meta, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Facebook, sì ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Nàìjíríà lọ́dún 2024. Oníbàárà mi kan wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n kọ ọ́ pé gbajúmọ̀ òṣèré kan ti jáde láyé, kí èrò wọ́ wá, kí a wá pa á rẹ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Mo kọ̀, ó gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: n kò mọ̀ pé ojú mi yóò rí ibi tí wọ́n ti ń ná owó náà.

WhatsApp kì í sanwó fún ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n hùmọ̀ níbi tí owó wà ni ó ń ṣàn wọ inú gúrúùpù àwọn òbí wa. Ọ̀gá Olùkọ́, ẹ máa wo òkè ọ̀rọ̀ tí ó bá wọlé: bí ẹ bá rí ọfà méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn, ó ti tó ìgbà márùn-ún, ó kéré tán, tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ sí ọwọ́ kí ó tó kàn yín. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́ ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ènìyàn wa kàn ń tún un tẹ̀ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o. N kò fẹ́ kí ẹ máa rò pé àwa tí a wà níhìn-ín gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọ̀bẹ pa ọmọdébìnrin mẹ́ta ní ìlú Southport, ní England níhìn-ín. Nítorí pé kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ọlọ́pàá kò dárúkọ rẹ̀, ni ayélujára bá sọ ọ́ lórúkọ: orúkọ kan tí ó dún bíi ti Lárúbáwá, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ni ó bá wọ ilẹ̀ yìí. Irọ́ gbáà ni, Cardiff ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí yóò fi di alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń sọ bíríkì lu mọ́ṣáláṣí Southport, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn sì ni wọ́n gbìyànjú àtidáná sun òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn olùwá-ibi-ìsádi wà nítòsí Rotherham.

Èyí tí ó kan wá gan-an ni ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ. Àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí wọ́n ní àwọn jàǹdùkú yóò kọlù jáde lórí Telegram, kò pẹ́ tí ó fi dé gúrúùpù ìjọ wa, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ tí a kò mọ̀ ti fi àwọn àdúgbò mìíràn kún un. Gbogbo ènìyàn ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Arábìnrin kan tí ó ń tọ́jú arúgbó ní òru kò lè jáde nílé; bàbá aláwọ̀ funfun tí ó yẹ kí ó fún lóògùn jókòó títí di òwúrọ̀ láìrí ẹnì kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú jáde ní Walthamstow, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, láti lòdì sí àwọn oníjàgídíjàgan, àwọn tí à ń sá fún kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìdí nìyí tí n kò fi lè fi òwe olè yín gún gbogbo wọn. Àkọsílẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, ewu sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì padà láti ibi iṣẹ́ ṣe? Ẹni tí ẹ̀rù bà tí ó figbe ta kì í ṣe olè.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pa èrò kíkúrò tì ná, pàápàá nítorí ohun tí Atún-fóònù-ṣe sọ, bí ó tilẹ̀ dùn mí láti gbọ́ ọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mo yé yín, ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: ìyá tí ó pe ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo pé kí ó gba ọ̀nà mìíràn, ohun tí ó yẹ kí ìyá ṣe ni ó ṣe. Ẹni tí ó fi àkọsílẹ̀ náà sọwọ́ sí igba ènìyàn nígbà tí kò pe ẹnì kankan nínú wọn, n kò rí ìfẹ́ níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀rù tirẹ̀ kúrò lórí ara rẹ̀ ni, ó pín in fún wa, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Èmi rò pé ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn ni “kí ni mo pàdánù” tí ìyá àgbà náà sọ lóru. Ohun tí wọ́n ń pàdánù ń bẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ni wọn kò ṣe rí i.

Mo ṣe bíi ti Ìyá Nọ́ọ̀sì. Mo pe ẹni tí ó fi fọ́nrán iná ránṣẹ́, kì í ṣe nínú gúrúùpù, a jọ wá orírun rẹ̀. Ó ní ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni òun ti rí i, ọmọ náà sì fi ojúewé Facebook tí ó ti mú un hàn wá. Ìpara ara ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Iná kan náà, pẹ̀lú yìnyín rẹ̀, ni wọ́n ti fi sọ pé ọjà jó ní ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ńbà ẹni tí ń ta ìpara sì wà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n gbọ́n. N kò rí ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun yóò pa fọ́nrán náà rẹ́. Títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀, mo fẹ́ dá a lábàá pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá gbé ìròyìn ikú, iná tàbí àìsàn wá sáàárín wa gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí alábòójútó yọ ọ́ kúrò láìbínú. Akọ̀wé wa ti gbọ́ fínrín, ó ní bí a bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́ ju kí a máa kí ara wa kú ọjọ́ ìbí. Mo ní kí ó jẹ́ kí a fi oṣù kan dán an wò.